Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: “Mandabi” Nínú Ìwé àti Nínú Fíìmù

Tó bá jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń ka èyí lórí fóònù torí pé dátà kò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ̀yin náà, ẹ kú ìfaradà. Ohun tá a sọ lórí ètò náà la kọ síbí.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé owó ti wọ àkáǹtì yín rí, tẹ́ ẹ rí i gbangba lórí fóònù, àmọ́ tẹ́ ẹ ò lè ná an? Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ so NIN yín mọ́ àkáǹtì. Ẹ débẹ̀, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí NIN yàtọ̀ sí ti BVN. Ẹ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Ẹ padà dé, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ẹ padà wá lọ́la. Ní gbogbo àsìkò yẹn, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé owó ti wọlé fún yín, àwọn tó fẹ́ yá nínú ẹ̀ sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

Tí irú ẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ ti mọ ìtàn tá a fẹ́ sọ lónìí. Ọkùnrin ará Senegal kan tó ń jẹ́ Ousmane Sembène ló kọ ọ́, ó sì jáde lọ́dún 1966, kí ẹnikẹ́ni tó máa gbé fóònù sápò. Ní 1968, òun fúnra rẹ̀ tún fi ṣe fíìmù. “Le Mandat” ni ìwé náà ń jẹ́, “Mandabi” ni fíìmù. Ẹ̀rín ló kún inú méjèèjì. Àmọ́ ẹ̀rín inú ìwé àti ẹ̀rín inú fíìmù, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ohun tí mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ìtàn náà ní ṣókí

Bàbá kan wà ní Dakar, Ibrahima Dieng lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìyàwó méjì, Mety àti Aram, ọmọ kún ilé, iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́, àmọ́ aṣọ ńlá kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ sáà mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò: àpò ti gbẹ, ṣùgbọ́n agbádá ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kan, apínlẹ́tà mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ Abdou, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà ní Paris. Mọ́nì-ọ́dà wà nínú rẹ̀. Fún àwa tí a kò bá a láyé: ìwé kan ni, téèyàn máa mú lọ sí pósí-ọ́fíìsì kí wọ́n tó ka owó fún un. Owó náà jẹ́ 25,000 fáráǹkì CFA. Ẹgbẹ̀rún méjì péré ni ti Ibrahima. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jẹ́ ti ìyá Abdou. Ogún ẹgbẹ̀rún tó kù, kó bá Abdou tọ́jú rẹ̀ ni.

Kí bàbá tó mọ̀ rárá, àwọn ìyàwó ti fi orúkọ mọ́nì-ọ́dà gba ìrẹsì láwìn. Kí ó tó dé pósí-ọ́fíìsì, àdúgbò ti gbọ́. Níbẹ̀, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Kò ní. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti fọ́tò wá. Ó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, wọ́n ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ó ní nǹkan bí ọdún 1900. Wọ́n ní ọjọ́ wo, oṣù wo? Ó lọ ya fọ́tò, ayàfọ́tò gba owó rẹ̀, fọ́tò ò jáde, ìjà ló gbẹ̀yìn rẹ̀, imú bàbá sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Owó tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti sọ ọ́ di onígbèsè. Ẹ rí i báyìí: ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Kí ló dé tó fi tún un ṣe ní fíìmù?

Ìwé náà kò kùnà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, Dakar gba àlejò àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà àwọn èèyàn dúdú, ìwé yìí sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Festac, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Àjọ̀dún kejì nínú ọ̀wọ́ yẹn ni FESTAC ’77, tó wáyé ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Torí àwọn tó wá síbẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé tí à ń gbé yìí. Nítorí náà, àjọ̀dún tó dá ìwé yìí lọ́lá ni ẹ̀gbọ́n àjọ̀dún tó bí àdúgbò wa. Ẹbí kan náà ni wá.

Àmọ́ ohun kan ń dun Sembène. Èdè Faransé ló fi kọ ìwé náà. Irú èèyàn bí Ibrahima Dieng kò lè kà á. Bàbá tí ìtàn ń sọ nípa rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín sí ìtàn ara rẹ̀! Àwọn tó lè kà á ni àwọn akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn káńtà, àwọn gan-an tó ń sọ fún un pé kó padà wá lọ́la.

Sembène fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ olówó. Ní 1923 ni wọ́n bí i ní Ziguinchor, ó ti ṣiṣẹ́ aláàárù ní èbúté Marseille, ó ti kọ ìwé lóríṣiríṣi kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow nígbà tó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló máa ń pe sinimá: ibi tí ẹni tí kò lọ síléèwé lè jókòó sí lálẹ́ kó sì kẹ́kọ̀ọ́.

Fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ ṣe, èdè Faransé náà ni. “Mandabi” ni fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ ṣe ní Wolof. Owó ilẹ̀ Faransé wà nínú iṣẹ́ náà, àwọn olówó sì ń fẹ́ èdè Faransé. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó ya fíìmù náà lọ́nà méjì, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Wolof. Ti Wolof ni ayé ń rántí.

Àní orúkọ rẹ̀ gan-an sọ nǹkan. “Mandat” jẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé. “Bi” ní Wolof dà bí “náà” tiwa, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló máa ń wà. “Mandabi” wá túmọ̀ sí “mọ́nì-ọ́dà náà”. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ àjèjì, wọ́n sì wọ aṣọ ilé fún un, bí àwa náà ṣe mú “bank” tá a sọ ọ́ di báńkì.

Ohun tí fíìmù ṣe tí ìwé kò lè ṣe

Àkọ́kọ́ ni èdè. Nínú ìwé, gbogbo èèyàn ló ń sọ Faransé, torí òun la fi kọ ọ́. Ibrahima ń sọ Faransé, akọ̀wé ń sọ Faransé. Ẹni tó ń kà á ní láti máa rán ara rẹ̀ létí pé bàbá yìí kò gbọ́ èdè náà. Nínú fíìmù, etí yín ló máa sọ fún yín. Wolof ń lọ nílé, Wolof ń lọ lójú pópó, ìgbà tá a bá dé iwájú káńtà, Faransé á já lulẹ̀ bí irin. Ẹ óò rí ojú Makhourédia Guèye, òṣèré tó ṣe Ibrahima. Bàbá tó ń pàṣẹ nílé bí ọba á wá dúró bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí. Ẹ ti rí i rí. Ìyá yín kan wọ ọ́fíìsì, ọmọdé tó tó bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da Gẹ̀ẹ́sì bò ó.

Èkejì ni ara. Ìwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apínlẹ́tà tó ń ti alùpùpù rẹ̀ nínú oòrùn. Fíìmù kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ìta gbangba ló ti bẹ̀rẹ̀, abẹ ń lọ lórí Ibrahima, ó tún wọ ihò imú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ṣe pàtàkì níbẹ̀, àmọ́ a ti mọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́: ó fẹ́ràn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jẹun yó, ó gùn-ún-fẹ̀, àwọn ìyàwó ń wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń wò ó ti mọ̀ pé owó ti dé, òun nìkan ni kò mọ̀. Ẹ̀rín ibẹ̀ kò nílò ìtumọ̀.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà Abdou. Ibrahima kò lè kà á, akọ̀wé tó jókòó ní pósí-ọ́fíìsì ló ń kà á fún un. Ẹ sì mọ ẹni tó ṣe akọ̀wé yẹn? Sembène fúnra rẹ̀! Òǹkọ̀wé tó ń ka ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé. Bó ṣe ń kà á, fíìmù gbé wa lọ sí Paris, a rí Abdou tó ń gbálẹ̀ títì. Ilé ń ka owó, fíìmù ń fi ìgbálẹ̀ hàn wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí ní òkè òkun, ẹ rántí ìyẹn nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ “ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá nǹkan” ránṣẹ́.

Èmi àti màmá àgbà

Mo jókòó ti màmá àgbà mi láti wo fíìmù yìí. Màmá kò gbọ́ Wolof, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lè ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù. Èmi ni mò ń kà á fún wọn ní Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí abẹ onígbàjámọ̀ wọ imú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn.

A wá dé ibi tí wọ́n ti ń bi Ibrahima léèrè ọjọ́ ìbí. Mo rò pé wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Wọn ò rín. Wọ́n ní, “Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn.” Ìgbà tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún káàdì, wọ́n ṣàlàyé pé ọdún tí bàbá àwọn ń kọ́lé ni wọ́n bí àwọn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ìyẹn kọ́ ni kọ̀ǹpútà béèrè. Ló bá fún wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Màmá ní, “Wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìbí bí ẹni fún ọmọ ní súìtì.”

Mo ti ka ìwé náà, ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó wo fíìmù. Mo rẹ́rìn-ín níbi ọjọ́ ìbí yẹn, mo sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ọ̀dọ̀ màmá ni mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀rín ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà ni mo rín.

Ohun tí ìwé ṣì fi jù ú lọ

Kí ẹ má bàa sọ pé mo ń tàbùkù ìwé, ohun kan wà tí fíìmù kò lè gbé dáadáa: ohun tí ń lọ nínú ọkàn Ibrahima. Nínú ìwé, a máa ń gbọ́ ìrònú rẹ̀: bí ó ṣe ń ka owó tí kò tíì gbà, bí ó ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, bí ìgbéraga àti ìtìjú ṣe ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Fíìmù ní láti fi ojú àti aṣọ sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wo fíìmù nìkan, ẹ lè pè é ní òmùgọ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé, ẹ óò rí i pé olóòótọ́ èèyàn ni, ayé tó wà ló ti yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé náà kò gùn rárá, èèyàn lè kà á tán láàárín ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀.

Àwa náà ní irú ẹ̀ nílé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ “Ó Le Kú” ní 1974, Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997, òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ló tún kọ ọ̀rọ̀ fíìmù. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ yìí: èdè Yorùbá ni Ìṣọ̀lá ti fi kọ ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Sembène rin ọ̀nà jíjìn kó tó padà sílé. Ìṣọ̀lá kò jáde nílé rárá.

Ìparí rẹ̀ (ẹ fò ó tẹ́ ò bá tíì wò ó)

Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́kọ̀ kan, Mbaye, tó mọ̀wé, tó mọ èèyàn, ní kí Ibrahima fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kí òun lè bá a gba owó. Ó gbà á. Ó ní àwọn jáwójáwó ti yọ ọ́ lápò òun lọ́jà. Àpò ìrẹsì ló gbé fún bàbá. Ibrahima padà sílé, ó ń pín ìrẹsì fún àwọn tó ń kọjá, bíi pé saara ni.

Apínlẹ́tà tún dé. Ibrahima sọ fún un pé òun náà máa di ìkookò, torí ìwà òtítọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀. Apínlẹ́tà ní rárá, àwa la máa yí i padà, gbogbo wa, tọkùnrin tobìnrin. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti parí, nínú ìwé àti nínú fíìmù.

Màmá àgbà ò gba apínlẹ́tà gbọ́. Wọ́n ní, “Ẹnu lásán.” Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí pé kí n tún fi “bàbá tó ń fá imú yẹn” fún àwọn àti ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Mo tún jókòó, mo tún kà á ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìwé wo lẹ ti kà tí ìyá yín kò lè kà? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó dìgbà míì o.