Spitfire Inú Páálí: Ohun Tó Gbà Láti Kéré àti Ohun Tó Kọ̀

Ẹni tó bá ṣí páálí Spitfire oníke kò ní bá bàálù kankan níbẹ̀. Férémù ike aláwọ̀ eérú ni yóò bá, tí ìdajì ara bàálù, apá, ìrù, táyà àti ìjókòó awakọ̀ tí kò tó èékánná àtàǹpàkò so rọ̀ mọ́ ọn bí èso. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gé wọn kúrò, tí yóò fá wọn, tí yóò lẹ̀ wọ́n, tí yóò sì kùn wọ́n.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1936 ni Spitfire gidi, tó jẹ́ bàálù ogun, kọ́kọ́ fò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. R. J. Mitchell tó ya àwòrán rẹ̀ kú lọ́dún 1937, kó tó di pé ogun Hitler bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun náà gbóná, wọ́n fi 5,000 pọ́n-ùn lé Spitfire kọ̀ọ̀kan: ìlú tàbí ẹgbẹ́ tó bá dá iye yẹn pé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára bàálù kan. Wọ́n dá irú owó ogun bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà náà. Lẹ́yìn ogun náà, ní àwọn ọdún 1950, ni iléeṣẹ́ Airfix, tó ń ṣe bàálù oníke, gbé Spitfire oníke tiwọn jáde.

Ìdá kan nínú 72 ni ìwọ̀n rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ 72? Íǹṣì kan ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ìyẹn gíga géńdé ọkùnrin. Ìwọ̀n yìí kan náà ni àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà lò lọ́dún 1942, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé fi igi gbẹ́ 500,000 bàálù kéékèèké, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá bàálù ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́.

Ibi ìṣirò yìí gan-an ni ẹ̀tàn wà. Láti ṣóńṣó apá kan sí ìkejì, Spitfire gùn ní mítà 11.23, ẹ fi 72 pín in, ó di sẹ̀ǹtímítà 15.6, ó tó àtẹ́lẹwọ́ gbé. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan ló gbà kí a pín in lẹ́ẹ̀kan. Spitfire àkọ́kọ́ wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 2,600. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa fi 72 pín ìyẹn, nítorí gígùn kéré, ìbú kéré, gíga náà kéré. Gíráàmù méje péré ló máa kù.

Ọ̀dà ní tirẹ̀ kò mọ ìṣirò kankan. Bí ẹ bá jẹ́ kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ńṣe ló dà bí ẹni rẹ́ ohun tó nípọn ju mìlímítà méje lọ sára bàálù gidi. Ìlà tí wọ́n fín sára ike láti fi ojú ìsopọ̀ irin hàn, bó bá fẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, ọmọdé ì bá lè ki ìka bọ̀ ọ́ lára bàálù gidi. Bẹ́ẹ̀, awọ Spitfire gbọ́dọ̀ dán. Àwọn tó ṣe é fẹ́ mọ̀ bóyá orí ìṣó tó yọ róbótó á fa eré rẹ̀ sẹ́yìn, ni wọ́n bá lẹ irú ẹ̀wà kan tí wọ́n là sí méjì mọ́ orí àwọn ìṣó náà, wọ́n sì gbé e fò. Eré rẹ̀ fi máìlì 22 dín kù ní wákàtí kan. Wọ́n wá ń ṣí ẹ̀wà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí orí róbótó kò ti ní pa á lára.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń to ike yìí kì í kàn lẹ̀ ẹ́. Ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì, wọ́n á wọnú ara wọn. Bí oje gọ́ọ̀mù bá ti fẹ́ lọ tán, wọ́n ti di ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé yàrá, kí ẹ sì di ìdajì ara bàálù méjèèjì mú títí ike yíyọ́ á fi yọ jáde díẹ̀ lójú ìpàdé wọn. Ẹ má nù ún. Bó bá gbẹ, sáńpépà ni yóò pa ojú ìlà náà rẹ́.

Ìbòrí awakọ̀, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kò fẹ́ irú gọ́ọ̀mù yẹn, kò sì fẹ́ superglue rárá, nítorí èéfín superglue á sọ ọ́ di funfun bí ìkùukùu. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ ìwé ló yẹ ẹ́. Odindi òru méjì ni mo fi kun bẹ́líìtì ìjókòó Spitfire tèmi kí n tó mọ èyí. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí, bẹ́líìtì náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó kàn gbà mí gbọ́ ni.