Atọ́ka Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ẹ̀mí Alátọ̀gbẹ: Àbá fún Olùkọ́ àti Ògbufọ̀

1. Ìfáárà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó pé àrùn kòrónà, tí à ń pè ní COVID-19, ti wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé àrùn náà le fún alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ ni ewu rẹ̀ dọ́gba fún. Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò wà lára ọ̀nà tí oníṣègùn ń gbà dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomaikò, ní agbègbè Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ lè bá ara rẹ̀ níwájú aláìsàn tí ó mú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ tí kò sì mọ ohun tí ó wí. Kí ni kí ó sọ fún un?

2. Atọ́ka yàtọ̀ sí àmì

Ẹni tí ó bá yára túmọ̀ lè pe ohun tí à ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ní "àmì àrùn". Àbá wa ni pé kí a yẹra fún èyí. Àmì ni ohun tí ojú rí tàbí tí ara mọ̀: ikọ́, òǹgbẹ, títọ̀ lemọ́lemọ́. Èyí tí à ń sọ yìí fara sin. Àyẹ̀wò ni ó ń gbé e jáde. Nítorí náà ni a ṣe fara mọ́ "atọ́ka inú ẹ̀jẹ̀". Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé ẹni tí ó tọ́ka sí nǹkan kọ́ ni ó ṣe é. Èéfín ń tọ́ka sí iná, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fẹ́ èéfín dànù kò tí ì pa iná.

3. Atọ́ka márùn-ún

(a) Ṣúgà olóṣù-mẹ́ta, èyí tí ìwé àyẹ̀wò ń pè ní HbA1c. Ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ èròjà tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé, atọ́ka yìí ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wọ ìlà àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í pẹ́ láyé. Atọ́ka yìí lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣini lọ́nà.

(b) Ṣúgà ojú-ẹsẹ̀. Èyí ni iye ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí tí a wọ̀n ọ́n. Àìsàn líle a máa gbé e sókè.

(d) Purotéènì ìrunú, èyí tí à ń kọ ní CRP. Bí àrùn bá kọlu ara, ara a gbóná, a pọ́n, a sì wú. Èyí ni a pè ní ìrunú ara. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú purotéènì náà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìrunú ti ń pọ̀ sí i ni òun náà ń pọ̀ sí i.

(e) Lìnfósáìtì. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà ni. Iye rẹ̀ a máa wálẹ̀ bí kòrónà bá le.

(ẹ) Èérún ẹ̀jẹ̀ dídì, èyí tí à ń kọ ní D-dimer. Bí ara bá ń tú ẹ̀jẹ̀ tí ó dì, èérún rẹ̀ ni ó ń ṣẹ́ kù. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dì níbi tí kò yẹ, bí i nínú ẹ̀dọ̀fóró.

4. Èwo ni ó ń sọ ti ìyè?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Faransé kó àkọsílẹ̀ alátọ̀gbẹ 1,317 jọ, àwọn tí kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn 53. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ti kú. Ṣúgà olóṣù-mẹ́ta kò ya ẹni tí àrùn náà yóò le fún sọ́tọ̀. Purotéènì ìrunú tí ó ga àti lìnfósáìtì tí ó kéré wà lára àwọn ohun tí ó tọ́ka sí ewu.

Ǹjẹ́ èyí wá túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ṣúgà kò wúlò bí? Rárá o. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, ìpalára tí àtọ̀gbẹ ti ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ikú rìn. Bákan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti wo gbogbo alátọ̀gbẹ, tí kì í ṣe àwọn tí ó wà nílé ìwòsàn nìkan, ikú pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ṣúgà olóṣù-mẹ́ta wọn ga. Ìbéèrè méjèèjì kò rí bákan náà.

Ohun mìíràn tún wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé oògùn dexamethasone ń dín ikú kù láàrin àwọn tí ó ń gba ọ́síjìn. Oògùn yìí ń rọ ìrunú ara lójú, ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà sókè. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ atọ́ka méjèèjì pọ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ògbufọ̀ tí ó bá ka iye tí ó ga, tí ó wá sọ fún aláìsàn pé "ikú ni ìwé yìí wí", ti sọ atọ́ka di adájọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó wí pé: "Ìwé yìí ń tọ́ka sí ewu, ẹ jẹ́ kí dókítà tètè rí i." Bí ọ̀rọ̀ wa bá ṣe déédéé, aláìsàn yóò mọ ibi tí yóò gbà.