Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè borí ní Máratọ́ọ̀nù Èkó?

Ní GRA níbí, ní Ìlọrin, bí Máratọ́ọ̀nù Èkó bá ti ń sún mọ́lé, àríyànjiyàn á bẹ́ láàárín àwa tá a jọ ń sáré ìdájí: ṣé ọmọ wa á borí lọ́tẹ̀ yìí? Abraham Kiptum ará Kẹ́ńyà ló gbapò kìíní ní 2016, lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àwọn sárésáré ti ń gbára dì ṣe kókó. Iten ní Kẹ́ńyà fi bíi 2,400 mítà ga ju òkun lọ. Ìlọrin wa ò ju nǹkan bí 300 lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ lókè lọ́hùn-ún, nítorí náà, ara ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ á máa pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, èyí tó ń gbé ọ́síjìn dé inú iṣan.

Èmi ò rò pé a máa tètè borí. Àmọ́ ẹ má fojú di àwọn ará Jos o! Ìlú tiwọn ga tó bíi 1,200 mítà.