Bí A Ti Ń Ka Odídẹrẹ́ ní Igi Ibùsùn Wọn

Odídẹrẹ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀ ni a ń pè ní ìkóóde, ìlú Ìwó sì ń fi ẹyẹ náà yangàn. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó kù nínú igbó? Ó ṣòro láti mọ̀ ní ọ̀sán, nítorí pé orí igi gíga ni wọ́n ti ń jẹun, ewé a sì bò wọ́n. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀ràn a yí padà. Odídẹrẹ́ kì í fẹ́ dá sùn. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń fò wá sí ibùsùn kan náà. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń kà wọ́n.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn olùkà yóò yí ibẹ̀ ká, olúkúlùkù yóò sì dojú kọ ìhà tirẹ̀. Bí ọ̀wọ́ kan bá dé, wọn yóò kọ iye rẹ̀, aago tí ó dé, àti ìhà tí ó ti wá. Èyí tí ó bá tún fò lọ, wọn yóò yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò fi ìwé wé ìwé, kí wọn má baà ka ọ̀wọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọn yóò tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, àti ní àkókò kan náà lọ́dọọdún. Bí iye náà bá dín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yára sọ pé ẹyẹ ti tán; ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣí lọ sí igi mìíràn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wá àyíká wò pẹ̀lú.

Ohun tí irú iṣẹ́ yìí fi hàn ní ilẹ̀ Gánà bani lẹ́rù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 sọ pé ní àgbègbè ibùsùn mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti gba ẹyẹ 700 sí 1,200 ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ẹyẹ 18 péré ni a rí. Ohun méjì ni ó fà á: mímú wọn láti tà, àti gígé àwọn igi ńlá tí wọ́n ń yé sí inú ihò wọn. Ní 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES dìbò láti fi òfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó ta sí ilẹ̀ òkèèrè.

Igi tí olùkà mọ̀, apẹyẹ náà lè mọ̀ ọ́n. Ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tí ó bá rí ibùsùn odídẹrẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó ni kí ó sọ fún; kí ó má ṣe sọ ọ́ ní ọjà.