Jíjò Ìmọ́lẹ̀ Nínú Kámẹ́rà Àtijọ́

Inú kámẹ́rà onífíìmù ní láti ṣókùnkùn biribiri. Dígí iwájú rẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tí ó tọ́ fún ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ibòmíràn wọlé, ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá a mu ni *jíjò ìmọ́lẹ̀*, nítorí pé bí òjò ti ń gba ara òrùlé gbígbó wọlé ni. *Àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀* kò lè dúró fún un: oòrùn tí ó kọjú sí dígí pẹ̀lú a máa fa àbàwọ́n.

Fíìmù tí a ti fọ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Lórí fíìmù oní-mìlímítà 35, ìwọ̀n àwòrán kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 24 sí 36. Bí àbàwọ́n bá kọjá àwòrán dé ibi àwọn ihò etí fíìmù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá mọ sí inú àwòrán, a ó wo dígí tàbí ṣọ́tà. Àwòrán a máa dorí kodò nínú kámẹ́rà. Nítorí náà, bí a kò bá dá kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, àbàwọ́n ìsàlẹ̀ fọ́tò, òkè kámẹ́rà ni ó ti jò wọlé.

Fóòmù dúdú tí a fi dí etí ilẹ̀kùn ni ó sábà ń fà á. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a máa rà, a sì máa lẹ̀ bí ọ̀dà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti sípíríìtì ni a fi ń ha á kúrò, kí a tó fi fóòmù tuntun tàbí òwú dúdú dí i.

Ògbufọ̀ tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì yóò mú kí atúnkámẹ́ràṣe máa nu dígí, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni ó ń jò.