Kọ̀ǹpútà Béèrè Ọ̀rọ̀, Ta Ni Yóò Dájọ́?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú àti ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú sí i o. Eré tí ọmọ ń ṣe nínú ilé ń kọ́ ọ ní nǹkan, ìbáà jẹ́ rere, ìbáà jẹ́ búburú. Kọ̀ǹpútà tí ó ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ti di ojúde tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré báyìí. Púpọ̀ nínú eré inú rẹ̀ kò ju ìbọn yíyìn àti ọkọ̀ sísá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó yàtọ̀, tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ jókòó sí ìdí rẹ̀. Trivial Pursuit ni orúkọ rẹ̀. Eré ìbéèrè àti ìdáhùn ni. Orí páálí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, kí wọ́n tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà ilé ní ọdún 1986.

Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí iná mànàmáná tó dé, àlọ́ àpamọ̀ ni àwọn àgbà fi ń dán ọpọlọ ọmọdé wò nínú òṣùpá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìyá àgbà tí ó pa àlọ́ náà ni ó ń gbọ́ ìdáhùn, òun náà ni ó sì ń sọ pé, “O mọ̀ ọ́n,” tàbí pé, “O kò mọ̀ ọ́n.” Kọ̀ǹpútà ti ọdún 1986 kò gbọ́ ohun tí ènìyàn sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan jókòó láti ta Scrabble, eré tí a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀. Chris Haney ni orúkọ ọ̀kan. Iṣẹ́ àwòrán inú ìwé ìròyìn ni ó ń ṣe. Scott Abbott ni èkejì. Ìròyìn eré ìdárayá ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú àpótí eré náà, wọ́n rí i pé lẹ́tà rẹ̀ kò pé mọ́. Ẹlòmíràn ìbá kó o dànù kí ó lọ sùn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé, àwọn náà kò ṣe lè ṣe eré tiwọn? John tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Haney dara pọ̀ mọ́ wọn, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Ed Werner náà sì dara pọ̀. Owó kò tó lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ta ìpín nínú òwò náà fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Kódà ayàwòrán tí ó bá wọn ya ojú páálí náà, ìpín ni ó gbà dípò owó iṣẹ́. Kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ní ọdún 1984 nìkan, eré náà tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ju mílíọ̀nù 20 lọ.

Páálí náà dà bí àgbá kẹ̀kẹ́ tí ó ní irin mẹ́fà láàárín. Olúkúlùkù ní ọmọ eré róbótó kan tí ojú ihò mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́fà ni ó wà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀: àwọ̀ búlúù fún ilẹ̀ àti ìlú ayé, àwọ̀ òféfèé fún ìtàn, àwọ̀ ewé fún sáyẹ́ǹsì, àwọ̀ ọsàn fún eré ìdárayá, àwọ̀ ilẹ̀ fún ìwé àti iṣẹ́ ọnà, àti àwọ̀ osùn fífẹ́lẹ́ fún fíìmù, orin àti eré ìnàjú. Bí o bá mọ ìdáhùn, wàá tún ta. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ó di ti ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá kó àwọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ yóò padà sí àárín páálí. Níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń bá a ta yóò ti yan ìbéèrè ìkẹyìn fún un, ẹ sì mọ̀ pé ibi tí ó rọ̀ jù ní ara rẹ̀ ni wọn yóò yàn!

Bí wọ́n ṣe gbé e sínú ẹ̀rọ

Ilé-iṣẹ́ Domark ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbé eré náà jáde fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 1986. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó gbòde ní ilé àwọn ará Ìlú Ọba nígbà náà ni ZX Spectrum, Commodore 64, Amstrad àti BBC Micro tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lónìí. Bọ́tìnnì nìkan ni ó wà lára Spectrum. Ara tẹlifíṣọ̀n ilé ni wọ́n ń so ó mọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni eré wà, irú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń gbọ́ wáàsí àti wákà. Ẹ ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí rédíò, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ariwo híyaa-híyaa yóò sì gba gbogbo ilé fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí eré tó yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Kí ni ó dé tí wọn kò lè kó gbogbo ìbéèrè sínú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Inú àpótí páálí ti àkọ́kọ́, káàdì 1,000 ni ó wà, ìbéèrè mẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,000. Bí ìbéèrè kan àti ìdáhùn rẹ̀ bá gba lẹ́tà 80, àpapọ̀ wọn á tó 480,000. Ọpọlọ Spectrum tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nígbà náà kò gbà ju lẹ́tà 49,152 lọ, eré fúnra rẹ̀ sì ní láti rí àyè nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bu ìbéèrè láti inú kásẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí alágbàdo ń bu ọkà láti inú àká sínú igbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta eré yìí lónìí kò nílò kásẹ́ẹ̀tì mọ́. Ètò wà tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bí Spectrum àtijọ́, oríṣiríṣi irú eré náà tí ó jẹ́ tuntun sì wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, “Ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ nìyẹn?” Kò sí owó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan lélẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò jẹ, nítorí náà kì í ṣe mọ́ísírì tí Sūra Al-Mā’ida kọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà dáìsì ni ó ń gbé ọmọ eré kiri, hádíìsì tí ó wà nínú Ṣaḥīḥ Muslim sì le gan-an nípa eré dáìsì tí wọ́n ń pè ní nardashīr. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni kò fẹ́ dáìsì rárá nítorí èyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó bi Àáfà rẹ̀. Ìbéèrè ni oyin eré náà, ẹ sì lè máa béèrè àwọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀ lé ara wọn láìsí dáìsì, kò ní kí eré má dùn.

“Ṣé o mọ̀ ọ́n?”

Wàyí o. Kọ̀ǹpútà béèrè pé kí ni olú-ìlú ilẹ̀ kan. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ọ̀kan á kọ “Èkó”, èkejì á kọ “Lagos”, ẹ̀kẹta á ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè yanjú rẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó ṣe é wá ṣe ni pé, kí ẹni tí wọ́n bi sọ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á gbé ìdáhùn tòótọ́ jáde, á sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá ní o mọ̀ ọ́n, ó gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹgba, kò sí olùkọ́ tí yóò wo ojú rẹ. Ó gbé àwọ̀ fún ọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní tèmi o, èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú eré náà, òun náà ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó dá jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, tí ó sọ pé “Faransé”, tí ìdáhùn wá jẹ́ “Sípéènì”: kí ni yóò tẹ̀? Ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti ń rò ó lọ́kàn, ahọ́n ni ó yọ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méjì, mẹ́ta, kó àwọ̀ mẹ́fà jọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó sì wá sọ fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná pé òun borí. Ìyá á ní, “O káre, ọkọ mi.” Irọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ti mọ ọ̀nà bọ́tìnnì.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré dá ta á. Kí ẹni tí wọ́n bi sọ ìdáhùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́, kí ẹlòmíràn tó tẹ bọ́tìnnì tí ó ń gbé ìdáhùn jáde. Ẹ sì fi ìyá tàbí ìyá àgbà ṣe adájọ́, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò nílò láti ka ìbéèrè. Etí tí ó gbọ́ “Faransé” ti gbọ́ ọ ná. Bí ọmọ bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Ìyá mi, n kò mọ̀ ọ́n,” ẹ yìn ín ju ẹni tí ó gba àwọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ náà ń ṣìnà

Ẹ má rò pé ọmọ nìkan ni ó lè gbé èké kalẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Fred Worth, tí ó kọ ìwé ńlá kan tí ó kún fún irú ìmọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò jí iṣẹ́ òun, ó bá dẹ pàkúté: ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Philip ni orúkọ àbísọ Columbo, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú eré tẹlifíṣọ̀n. Irọ́ funfun báláú ni. Fúnra rẹ̀ ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́, “Philip” yọ nínú Trivial Pursuit gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tòótọ́! Worth pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún 1984, ó ń béèrè mílíọ̀nù 300 dọ́là. Àwọn tí ó ni eré náà kò jiyàn pé àwọn lo ìwé rẹ̀ mọ́ àwọn ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láyé kì í ṣe ohun ìní ẹnìkan, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1987. Worth pàdánù ẹjọ́, irọ́ rẹ̀ sì ti wọ ilé àìmọye ènìyàn.

Òótọ́ pàápàá ń gbó. Bí wọ́n bá béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986 pé ọmọ Áfíríkà wo ni ó ti gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ, “kò sí” ni ìdáhùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Wọlé Ṣóyínká gbà á. Olú-ìlú Nàìjíríà jẹ́ Èkó nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá 1991 ó di Àbújá. Ìpínlẹ̀ mélòó ni ó wà ní Nàìjíríà? Ní 1986, 19 ni. Ní 1987, ó di 21. Ní 1991, ó di 30. Ní 1996, ó di 36. Kásẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kà sórí rẹ̀ ni ó ń wí.

Àti pé ta ni wọ́n ń béèrè ìbéèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá tí ó lè ṣírò èrè ọgọ́rùn-ún ìgàn aṣọ láìmú pẹ́ńsùlù lè jókòó sí ìdí eré yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ó má gba àwọ̀ kan. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé ayé. Wọn kò béèrè tirẹ̀ ni.

Ẹ wá béèrè tirẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ pín in sí mẹ́fà, kí olúkúlùkù nínú ilé mú ìbéèrè wá, kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún wo ni wọ́n ṣí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó? 1894. Odò wo ni à ń pè ní Odò Ọya? Odò Niger ni. Ìlú wo ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 1996, ẹni wo ni wọ́n sì nà? Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni, Ajẹntínà ni wọ́n nà, 3 sí 2. Orúkọ onímọ̀ Mùsùlùmí wo ni àwọn òyìnbó sọ di “algorithm”, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé? Al-Khwārizmī ni, tí ó gbé ní Bàgídáàdì ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Oṣù mélòó ni opó fi ń ṣe ìdà? Oṣù 4 àti ọjọ́ 10, bí kò bá lóyún. Kí ni aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀? Ẹ̀kọ láfún. Ewé wo ni wọ́n fi ń ṣe aró náà? Ewé ẹ̀lú. Ẹ ó rí i pé ní orí àwọn méjì ìkẹyìn yìí, àwọn ọmọ á yí ojú sí ìyá àgbà.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wádìí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i. Bírò ni kí ẹ fi kọ púpọ̀ nínú wọn. Iye ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́.