Àwọn Ọ̀dọ́ Kibera àti Máàpù Àdúgbò Wọn

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ará ìlú, ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí máàpù. Ìdáhùn mi ni pé ìtàn ni máàpù pẹ̀lú: ẹni tí ó yà á ni ó ń pinnu ohun tí a óò dárúkọ àti èyí tí a óò fojú fò.

Kibera, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi, ni àpẹẹrẹ mi. Ètò ìkànìyàn 2009 ka ènìyàn 170,070 níbẹ̀, síbẹ̀ òfìfo ni ó jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ máàpù ìgbà náà. Ní ìparí ọdún yẹn, Erica Hagen àti Mikel Maron, ará Amẹ́ríkà, dá ètò Map Kibera sílẹ̀. Wọn kò ya àwòrán náà fúnra wọn. Ọ̀dọ́ 13 tí ó jẹ́ ọmọ àdúgbò ni wọ́n kọ́ ní lílo GPS. Àwọn wọ̀nyí fi ẹsẹ̀ rin gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n kọ ibi tí omi, ilé ìwòsàn àti ṣáláńgá wà sílẹ̀, wọ́n sì kó o sórí OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ń fi fídíò ròyìn àdúgbò wọn.

Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ọjà tí ìyá eléwé ń ná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe tẹ máàpù sórí ìwé, tí wọ́n gbé e padà tọ àwọn ará àdúgbò lọ, tí àwọn ọmọbìnrin sì fi àmì sí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Lójú tèmi, níbí gan-an ni ìwádìí ti di ti àwùjọ.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ní 1996, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo gba oríkì agbo ilé kan sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ìyá àgbà kan. Mo ṣèlérí ẹ̀dà kan fún un. Mo gba oyè tán, kásẹ́ẹ̀tì wà lórí pẹpẹ mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní 2007, ìyá ti wàjà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ohùn ìyá wa lọ?”

Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ sí àbá ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú ohùn àti àwòrán náà nílùú, àti ọ̀dọ́ ìlú tí yóò kọ́ iṣẹ́ gbígbà á sílẹ̀. Ohùn ìyá náà ti wà lórí fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ báyìí. Òun ni ó sì tọ́ka sí orúkọ mẹ́ta tí mo ṣì kọ nínú ìwé mi.